Explode, go off, burst, blow up, detonate: èwo ni kí ẹ mú nígbà tí nǹkan bá bú gbàmù?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bàbá fọganáísà àdúgbò wa ní Adó-Èkìtì bú gbàmù. Bàbá ti tan ẹ̀rọ náà kí afẹ́fẹ́ lè máa kún táǹkì rẹ̀, wọ́n sì sọdá títì lọ ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀kọ yẹn ló yọ wọ́n. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ìdí táǹkì náà ti là láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, irin rẹ̀ ká sẹ́yìn bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, páànù méjì sì ti ṣí kúrò lórí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ìka kan etí ibi tó ti là. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ títí ó fi tín-ín-rín bí ìwé. Omi ló fà á. Afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ bá fún pọ̀ a máa sọ omi sílẹ̀, omi ọ̀hún a sì máa rogún sí ìdí táǹkì. Bí èèyàn kò bá ń tú u dànù látìsàlẹ̀, inú lọ́hùn-ún ni irin á ti máa jẹ, ojú kò ní rí i títí ọjọ́ tó máa là.

Bàbá wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Ẹgbẹ́ yìí ní owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ sí, àmọ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń gbà. Ọmọ Bàbá tó wà ní SS3 ló jókòó kọ ọ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí: "On Tuesday morning my father's compressor went off." Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni èsì dé. Ẹgbẹ́ bá Bàbá kẹ́dùn pé ẹ̀rọ wọn dákẹ́, wọ́n ní kí wọ́n wá gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń gbà láti fi tún irinṣẹ́ ṣe. Kò sí ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ pé nǹkan kan bú.

Iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí dọ́kàn, nítorí pé ọmọ yẹn kò ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ti kọ́ ọ pé "the bomb went off" ni àdó olóró bú gbàmù, òótọ́ sì ni wọ́n kọ́ ọ. Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti dúró ló ṣi í lọ́nà.

Àwa Yorùbá, etí la fi ń pín nǹkan wọ̀nyí. Àdó olóró bú gbàmù, táyà bẹ́ gbàù, gílóòbù fọ́ tó. Ohùn tó jáde ló ń sọ bí nǹkan náà ti tóbi tó, ọ̀rọ̀ ìṣe méjì tàbí mẹ́ta sì tó wa lò. Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ ka ohùn sí. Ohun tó máa ń fẹ́ mọ̀ ni pé: ṣé nǹkan náà fọ́, àbí ó kàn dún? Agbára tó fọ́ ọ, ṣé inú rẹ̀ ló ti wá? Ṣé ẹnì kan ló ṣe é? Bí ìdáhùn bá ṣe yí padà ni ọ̀rọ̀ náà ń yí padà. Ìdí nìyí tí mo fi tò wọ́n ní méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta sísàlẹ̀ yìí, kí ẹ lè rí ìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì.

Go off àti explode

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tí ọmọ náà ti ṣubú bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló le jù. "Go off" tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́ nílé wa ni ti iná mànàmáná. "The light went off": wọ́n ti mú iná lọ. Fáànù, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀, èyíkéyìí tí ẹ bá ní ó "went off" nínú wọn, ó ti dákẹ́ nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ ti òdì kejì: "The alarm went off." "The siren went off." "The bomb went off." Àwọn yìí ti dákẹ́ jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n wá pariwo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ méjì tó kọ̀yìn síra wọn.

Bí mo ṣe ń là á fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni pé kí wọ́n wo ohun tí nǹkan náà ń ṣe kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tó lúgọ sílẹ̀ tó ń retí àsìkò tirẹ̀ láti dún, bí àdó olóró, ìbọn tí a ti ki, aago tí a yí sí márùn-ún ìdájí, tàbí knockout tí àwọn ọmọdé ń yìn nígbà Kérésì, "go off" ni pé ó dún. Bó bá jẹ́ ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, "go off" ni pé iṣẹ́ dá. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kò sì jẹ̀bi bó ṣe kà á.

"Explode" kò ní ìṣòro yìí. "The compressor exploded" kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ: ó bú, ó sì fọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ mọ́ ẹ̀rọ tó ń lo iná tàbí epo, "explode" ni kí ẹ mú, ẹ fi "go off" sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé "explode" lọ síbi tí nǹkan kò ti fọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé "the alarm exploded", ẹni tó bá kà á á máa wò ó pé aago ìdágìrì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ lára ògiri.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà tó máa ń ba èsì ìdánwò jẹ́. "Go off" kò lè mú ohun tí a ṣe é sí tẹ̀ lé e. "The robbers went off the bomb" kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe é, "set off" ni: "The robbers set off the bomb." Kò sí "setted", "set" lónìí, "set" lánàá. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé "set off" kan náà ni à ń lò fún ìrìn àjò: "We set off for Ìkògòsì at six." Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló ń tú àṣírí rẹ̀. Bí "for" àti orúkọ ìlú bá tẹ̀ lé e, ọ̀nà ni wọ́n ń lọ.

Fire, go off, explode: ti ìbọn

Ìbọn ṣakabùlà kì í ṣe ohun àjèjì ní Èkìtì. Àwọn ọdẹ ń fi í ṣọ́ ìlú, wọ́n ń gbé e lọ sínú igbó, wọ́n sì ń yìn ín níbi òkú àgbà ọdẹ. Gbólóhùn mẹ́ta ni kí ẹ tò síwájú ara yín.

"He fired the gun." Ó yìn ín, ó sì mọ̀ pé òun ń yìn ín.

"The gun went off." Ìbọn dún. Gbólóhùn yìí kò sọ pé ẹnikẹ́ni fa nǹkan kan. Ó lè já bọ́ sílẹ̀ kó dún, ọmọdé lè fọwọ́ kàn án.

"The gun exploded." Ìbọn gan-an ló fọ́. Bóyá ẹ̀tù pọ̀ jù, bóyá erùpẹ̀ dí ẹnu rẹ̀, agbára tó yẹ kó gba iwájú jáde ya irin rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Mo ti ka ìwé kan tí wọ́n bá ọdẹ kan kọ lẹ́yìn tí ìbọn fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ tó sì gé ìka rẹ̀ méjì. Wọ́n kọ ọ́ pé "I exploded my gun." Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń sọ. "Explode" lè mú ohun tí a ṣe é sí tẹ̀ lé e: "The soldiers exploded the bomb", àwọn sójà mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bú. Nítorí náà "I exploded my gun" ń sọ pé ọdẹ yìí jókòó, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ bú ìbọn ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó pàdánù ìka méjì ni wọ́n sọ di ẹni tó ṣe ara rẹ̀ léṣe. "My gun exploded in my hands" ni kí wọ́n kọ. "My" kúrò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìṣe, ó bọ́ síwájú, ẹ̀bi sì kúrò lọ́rùn ọdẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn àgbà kọ ìwé fún ọlọ́pàá tàbí ilé ìwòsàn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín: kí ẹ tó gbé bírò, ẹ bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ fà á ni, àbí ó ṣàdédé dún, àbí ó fọ́?" Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ kọ. Láàárín "I fired" àti "it went off", ọ̀nà jìn síra níwájú adájọ́.

Burst àti explode

Táyà ni ẹ kọ́kọ́ fi rántí "burst". Ohun tó ní awọ, tí nǹkan kún inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni o, omi ni o, tí awọ náà wá bẹ́ torí pé inú rẹ̀ ti kún ju bó ṣe yẹ lọ: táyà, bálúùnù, páìpù omi, àpò ọ̀rá, eéwo. "Páìpù bẹ́" ni "the pipe burst", kì í ṣe "the pipe exploded". "Bẹ́" tiwa sún mọ́ "burst" gan-an, ó sún mọ́ ọn ju bí "bú gbàmù" ti sún mọ́ "explode" lọ, nítorí náà níbi tí ẹnu yín bá ti sọ "bẹ́" láìronú, ẹ kọ "burst".

Àṣìṣe tó pọ̀ jù níbí ni "bursted". Ẹ jọ̀ọ́, kò sí i nínú Gẹ̀ẹ́sì tí ìdánwò ń fẹ́. "The tyre burst yesterday." "The tyre has burst." "Burst" ni níbi gbogbo. Mo ti rí "bursted" nínú lẹ́tà àwọn tó ti kàwé jìnnà, torí náà kí ojú má ti ẹnikẹ́ni. Kí a kàn fi í sílẹ̀.

Kí ló wá mú "explode" yàtọ̀? Agbára rẹ̀ pọ̀ jù, àfọ́kù máa ń fò káàkiri, iná tàbí ooru sì sábà máa ń bá a rìn. Táyà ọkọ̀ akérò tó bẹ́ lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ "burst". Táyà tírélà tí ríìmù rẹ̀ fò sókè tó wó òrùlé onílé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n ń fún un ní afẹ́fẹ́, kò sí ẹni tó máa bá yín jà tí ẹ bá ní ó "exploded". Táǹkì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ Bàbá dúró láàárín méjèèjì. Afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀, kò sí iná rárá, nítorí náà "burst" tọ̀nà. Àmọ́ ó ṣí òrùlé, nítorí náà "exploded" náà tọ̀nà.

"Burst" tún ń bá ẹ̀dùn ọkàn lọ: "She burst into tears", ẹkún bọ́ lójú rẹ̀ lójijì, "They burst out laughing". Ẹ wo "into" àti "out" dáadáa, wọn kì í gba ipò ara wọn. Lẹ́yìn "into" ni "tears" tàbí "laughter", lẹ́yìn "out" ni "laughing" tàbí "crying".

Blow àti blow up

Ìyàtọ̀ méjèèjì kò ju "up" kékeré kan lọ. "The bulb blew": wáyà tín-ín-rín inú gílóòbù ti jó, iná kò wá mọ́. Ó lè má dún rárá. "The fuse blew" náà nìyẹn, fíúsì já. Ṣùgbọ́n "blew up" ni pé ó bú, ó tú ká. Ẹni tó bá kọ sí iléeṣẹ́ iná pé "our transformer blew", wọ́n lè gbé fíúsì wá. Bí ó bá jẹ́ pé tiransifọ́mà bú tí epo rẹ̀ gbiná, "our transformer blew up" tàbí "exploded" ni kó kọ, kó sì fi "and caught fire" kún un.

"Blow up" lè dá dúró, "the car blew up", ó sì lè mú ohun tí a ṣe é sí: "They blew up the bridge." Ẹ lè ya á sí méjì, "they blew the bridge up". Tó bá jẹ́ "it" tàbí "them" ni, dandan ni kí ẹ yà á: "they blew it up". "They blew up it" kò sí. Àná rẹ̀ ni "blew", "blown" ló ń bá "has" àti "was" rìn. "Blowed" kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé olórin kan "ti blow", pé òkìkí rẹ̀ ti kàn. Ó dára láàárín ọ̀rẹ́. Ẹ má gbé e wọ inú lẹ́tà.

Detonate, blast, àti ibi tí òkúta ti ń sọ̀rọ̀

Ilẹ̀ òkúta ni ilẹ̀ wa. Láti Ìkẹ́rẹ́ tí Olósùnta ti ń wo ìlú látòkè títí dé àárín àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, kò sí ibi tí a yíjú sí tí òkúta kò sí, àwọn kúárì sì ń gé e. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí kúárì mọ bó ṣe ń lọ. Wọ́n á fi ẹ̀rọ lu ihò sínú òkúta, wọ́n á ki ohun abúgbàmù sínú àwọn ihò náà, wọ́n á fi détónétọ̀ kéékèèké, ohun tó máa dá ìbúgbàmù sílẹ̀, sí i, wọ́n á fa wáyà jìnnà. Fèrè á dún kí èèyàn lè sá. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ á mì, abọ́ á sì dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan nínú wọn, ohun tó sì ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà ló yà wọ́n. Ohun abúgbàmù ni à ń "detonate": "They detonated the charges at two o'clock." Òkúta ni à ń "blast": "They blasted the rock." Ilé, afárá tàbí ọkọ̀ ni à ń "blow up". Ẹ kò lè "detonate" ilé, àyàfi tó bá jẹ́ pé ohun abúgbàmù ni wọ́n fi mọ ọ́n. Fèrè ní tirẹ̀ "went off".

"The bomb blasted" ni mo máa ń fi pẹ́ẹ̀nì pupa fà jù. Mo mọ ibi tó ti wá: inú ìwé ìròyìn ni wọ́n ti ń ka "bomb blast". Orúkọ ni "blast" níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ sọ ohun tó blast: "The bomb blasted a hole in the road." Bí kò bá sí ohun tó tẹ̀ lé e, "the bomb exploded" ni kí ẹ kọ.

Kí ló wá dé tí "detonate" kì í ṣe "explode" lásán? Ọ̀rọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ ohun abúgbàmù ni. Nínú TNT, ọ̀kan nínú àwọn ohun abúgbàmù, ìbúgbàmù náà ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá ní nǹkan bí 6,900 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tó ń gba inú afẹ́fẹ́ dé etí wa kò ju nǹkan bí 340 mítà lọ. Eré tó ju eré ohùn lọ báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní "detonation". Ẹ̀tù inú ṣakabùlà kò tó bẹ́ẹ̀. Jíjó ló ń jó, jíjó kíákíá, nínú àyè tó há. "Deflagrate" ni orúkọ tí wọ́n fún èyí, ẹ lè má rí i lò láéláé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀tù ọdẹ kì í "detonate".

Ìtàn rẹ̀ tún ràn wá lọ́wọ́. Alfred Nobel, ará Sweden tó gba ìwé àṣẹ ní 1867 pé òun ló hùmọ̀ ohun abúgbàmù tí à ń pè ní dynamite, ti kọ́kọ́ ṣe ohun kékeré kan tí wọ́n ń fi dá ìbúgbàmù sílẹ̀ nínú nitroglycerin, ohun abúgbàmù olómi, nígbà tí èèyàn bá fẹ́. "Detonate" náà ń mú un wá sọ́kàn pé nǹkan kan wà tó dá a sílẹ̀. Látínì ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà, ohun tó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ ni kí àrá sán wálẹ̀. Ó wù mí púpọ̀ pé lọ́dọ̀ àwọn náà, àrá ni wọ́n rò kàn.

Gáàsì ìdáná: ṣé sílíńdà ló bú?

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí nítorí ó ti di ohun ojoojúmọ́. Wọ́n á kọ ọ́ pé "the gas cylinder detonated". Irọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, gáàsì tó gbiná nínú kíṣínì kì í "detonate". Èkejì, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe sílíńdà ló bú. Gáàsì tó ń jò wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, ó ń tàn kálẹ̀ lábẹ́ tábìlì àti lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn, títí ìṣáná tàbí suíìsì iná á fi tanná ràn án. Yàrá ló bú. Nígbà tí iná bá kú tán, wọ́n á bá sílíńdà níbi tó wà, kò fọ́.

Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ kọ "There was a gas explosion in the kitchen" tàbí "Leaking gas exploded in the kitchen." Bó bá jẹ́ pé iná ti ń jó láti ibòmíràn, tó wá gbóná mọ́ sílíńdà títí irin rẹ̀ fi ya, nígbà yẹn ni kí ẹ kọ "the cylinder exploded". Ẹni tó ta sílíńdà àti ẹni tó so rọ́bà rẹ̀ mọ́ sítóòfù kì í ṣe ẹnì kan náà. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tọ́ka sí gáàsì tó jò, èkejì tọ́ka sí irin. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìṣe ká ẹ̀bi mọ́ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lọ́rùn.

Nígbà tí a kò tíì mọ ẹni tó ṣe é

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2020, ilẹ̀ jìn ní Ìlú-Àbò lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀, ilé sì bàjẹ́ káàkiri. Ìjọba Oǹdó ní ọkọ̀ tó ń kó ohun abúgbàmù lọ ló bú. Onímọ̀ kan sì ní òkúta ni ó já bọ́ láti òfurufú. Ẹni tó kọ "an explosion" lọ́jọ́ náà kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ohun yòówù tí ì báà jẹ́ ìdí rẹ̀. Ẹni tó kọ "someone detonated" ti dá ẹjọ́ kí ẹlẹ́rìí tó dé. Ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2024, ilé bàjẹ́ bákan náà, gómìnà sì sọ pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ kó pa mọ́ sínú ilé ló bú. "Explosives stored in a house exploded" ló bá ìyẹn mu, tàbí "went off". Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe náà, torí pé kò sí ẹni tí a sọ pé ó tanná sí i.

Erupt àti implode

Mo lè yára kọjá níbí. Òkè tó ń yọ iná ló ń "erupt". Èyí tó sún mọ́ wa jù tó ṣì ń ṣe é ni òkè Cameroon, ó yọ iná ní 1999 àti 2000. Àwọn òkè Èkìtì kò sí nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ìjà àti ariwo náà lè "erupt": "Fighting erupted at the motor park." Fún iná tó ṣẹ́ yọ ní ọjà, "a fire broke out" ló dára jù. Àwọn ọmọ tí a mú lọ sí Ìkògòsì wá kọ ọ́ pé omi gbígbóná "erupts from the rock". Rárá o. Jẹ́jẹ́ ni omi Ìkògòsì ń ṣàn jáde tó ń lọ pàdé omi tútù ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Flows" ni kí wọ́n kọ.

"Implode" ni òdì "explode": agbára ń ti ìta wá, nǹkan náà wó sínú ara rẹ̀. Ọkọ̀ abẹ́ omi Titan tó rì lọ wo àfọ́kù ọkọ̀ òkun Titanic ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2023 pẹ̀lú èèyàn márùn-ún nínú rẹ̀, "imploded" ni, nítorí omi òkun ló fún un pa. Ẹni tó bá kọ "exploded" fún un ti gbé òkun kúrò níta, ó gbé e sínú.

Èèyàn náà a máa bú

Bí inú bá bí ẹnì kan tó sì gbaná jẹ, "he exploded", "he blew up at me". "Explode" le ju "blow up" lọ díẹ̀, ó sì yẹ inú ìwé jù ú lọ. Inú Látínì tí "explode" ti wá, àtẹ́wọ́ ni: àwọn òǹwòran a máa pàtẹ́wọ́, wọn a sì máa pariwo, láti fi lé òṣèré tí kò mọ̀ ọ́n ṣe kúrò lórí ìtàgé. Ẹ̀yìn ìgbà pípẹ́ ni ó tó wá di ti iná àti ẹ̀tù. "Backfire" ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń pariwo gbàù nínú sálẹ́ǹsà rẹ̀, àti fún ète tó yí padà sí ẹni tó pa á.

Lẹ́tà kejì

Mo pe ọmọ Bàbá wá sílé, a jọ jókòó ti lẹ́tà náà. Ó bi mí pé, "Sà, ṣé 'blasted' ni kí n wá fi sí i?" Mo ní kó sọ fún mi ní Yorùbá ohun tójú rẹ̀ rí. Ó ní, "Táǹkì yẹn bú, ìdí ẹ̀ là, páànù ṣí." Mo ní kó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe sọ wọ́n, kó wá ọ̀rọ̀ fún ìkọ̀ọ̀kan. Ó ronú pẹ́ lórí "bú". Ó fẹ́ "burst" nítorí afẹ́fẹ́ ni. Èmi fẹ́ "exploded", nítorí mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ rí òrùlé tó ṣí kí wọ́n tó dé orí gbólóhùn kejì. Ó gbà fún mi. Ohun tó kọ nìyí:

"On Tuesday morning, at about seven o'clock, the air tank of my father's compressor exploded. The bottom split open from one end to the other, and two roofing sheets were torn off the shop. Nobody was hurt, because my father had just crossed the road."

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìgbìmọ̀ rán èèyàn méjì wá. Wọ́n dojú táǹkì náà délẹ̀, ọ̀kan nínú wọn fi ìka kan etí irin tó là, bí èmi náà ti ṣe, ó sì yíjú sí Bàbá, ó bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n tú omi inú rẹ̀ dànù gbẹ̀yìn.